Fẹ̀sọ̀ Pa Èèrà: Ìdí Tí Oògùn Tí À Ń Fín Fi Ń Sọ Wọ́n Di Púpọ̀

Látìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò: "Mo fín oògùn lálẹ́ àná, ilẹ̀ mọ́, àwọn èèrà yìí tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ìyá kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ra agolo oògùn mẹ́ta láàárín oṣù kan. Á fín in, á gbá òkú èèrà jọ, á kó o dànù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìlà mìíràn á ti yọ lára ògiri. Nígbà tó sú u, ó bi mí léèrè bóyá ẹnì kan ló ń rán wọn sí òun.

Kò sẹ́ni tó rán wọn. Oògùn tí ìyá yìí ń fín gan-an ló ń fọ́n wọn ká inú ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ wọ etí, torí ojú wa ló ń rí òkú èèrà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ bí èèrà ṣe ń jẹun àti bí wọ́n ṣe ń gbé, á yé wa. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, à á rí ìfun inú rẹ̀. Òwe sùúrù la mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ní ti èèrà inú ilé, bí wọ́n ṣe pa á gẹ́lẹ́ ló rí: ẹ̀sọ̀ ló ń pa wọ́n tán, inú ìfun náà sì ni ikú máa gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn.

Èwo ni èèrà, èwo ni kì í ṣe èèrà?

Orúkọ la ó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, torí ohun tó ń pa ọ̀kan kì í pa èkejì.

Èèrà ni àwọn kéékèèké tí ń tò wọ ilé ìdáná. Mẹ́ta nínú wọn wọ́pọ̀ nínú ilé wa. Àkọ́kọ́ pupa rúsúrúsú, kò gùn ju mílímítà 2 lọ, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Òun ni wọ́n ń pè ní èèrà Fáráò káàkiri ayé, òun ló sì ń yọni lẹ́nu jù. Ìkejì, orí rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ sì funfun débi pé tó bá ń rìn lórí táìlì, orí nìkan ni ojú ń rí. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ẹ gbé e símú, á máa run bí àgbọn tó ti ń bàjẹ́. Ìkẹta dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kì í fẹ́ tò bí àwọn yòókù. Ṣe ló ń sáré kítikìti síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Tanpẹ́pẹ́ ni àwọn tí ń ta ni lẹ́sẹ̀ ní àgbàlá. Inú ilẹ̀ ni ilé wọn wà, bí wọn kò bá sì wọlé tọ̀ yín wá, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹ máa wá ìjà wọn. Ìjàlọ, àwọn tí ń rìn bí ọmọ ogun, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Mà á kàn wọ́n tó bá yá.

Ikán kì í ṣe èèrà rárá. Aáyán ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi dì í, ìwo orí rẹ̀ sì ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Ikán kò ní irú ìbàdí bẹ́ẹ̀, ìwo rẹ̀ sì gún gbọọrọ. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí àwọn abìyẹ́ bá ń bọ́ sídìí iná, ẹ wo ìyẹ́ wọn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lára èsúnsún, ìyẹn ikán abìyẹ́, wọ́n sì ń tètè já sílẹ̀, lára èèrà abìyẹ́, ìyẹ́ iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ bá sì rí ipa erùpẹ̀ tó gun ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn, ikán ni. Igi ló ń jẹ, ẹ má fi ṣúgà dẹ ẹ́. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ro oògùn sí ìpìlẹ̀ ilé ni kí ẹ pè. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fín oògùn èèrà sí férémù fún oṣù mẹ́fà, tí ikán sì jẹ férémù ọ̀hún títí ó fi di ìyẹ̀fun.

Kí ló wà nínú ihò?

Ẹ fojú inú wo ilé kan tí ìyá àgbà jókòó sí yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá. Kì í jáde. Ọmọ ló ń bí tọ̀sán-tòru. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń re ọjà, tí wọ́n ń fún àwọn àbúrò lóúnjẹ, tí wọ́n ń gbálẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí ẹnu géètì tí ẹ ń mú àwọn tó ń re ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò tí ì ṣe ìyá àgbà ní nǹkan kan. Yóò bí òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ihò èèrà rí. Obìnrin ni gbogbo èyí tí ẹ ń rí lórí ògiri, àmọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ìyá ló ń yé ẹyin. Akọ wà, ṣùgbọ́n kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó bá abo tuntun gùn lọ, lẹ́yìn náà á kú. Àwọn tó ń jáde wá oúnjẹ kò tó nǹkan lára gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú lọ́hùn-ún tí ẹ ò ní í fojú kàn láéláé.

Ibi tí òwe àwọn àgbà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ọ̀fun èèrà tó ti dàgbà há gan-an, ìbàdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà oúnjẹ líle kò lè kọjá níbẹ̀. Ohun olómi nìkan ló ń gbé mì. Nínú ikùn rẹ̀, àpò méjì ló wà: ọ̀kan fún ara rẹ̀, èkejì fún ilé. Tó bá mu omi ṣúgà, èyí tó pọ̀ jù á lọ sínú àpò ilé. Tó bá wá pàdé ẹlòmíràn lọ́nà, wọ́n á fẹnu kẹnu, á pọ̀ ọ́ sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn yẹn náà á lọ pín in. Bí ó bá sì jẹ́ èérún bùrẹ́dì ni wọ́n gbé, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn ọmọ wọn tó ṣì rí bí ìdin. Àwọn wọ̀nyẹn lè jẹ ohun líle, wọ́n á jẹ ẹ́, àwọn àgbà á sì gba omi rẹ̀ lẹ́nu wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹyọ kan bá jẹ ní ilé ìdáná yín kò ní í pẹ́ dé ẹnu ìyá.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ní kí a da sẹ́mó gbígbẹ sílẹ̀, pé tí èèrà bá jẹ ẹ́, á wú nínú rẹ̀, á sì bẹ́. Sẹ́mó kò lè gba ọ̀fun yẹn kọjá. Ṣe lẹ kàn fún àwọn ọmọ wọn lóúnjẹ.

Báwo ni gbogbo wọn ṣe mọ ibi tí ṣúgà wà?

Ẹyọ kan ló ń kọ́kọ́ rìn kiri. Tó bá rí ohun tó dùn, á máa fi ìdí kan ilẹ̀ bó ṣe ń padà sílé, á sì máa fi òórùn kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí imú tiwa kò lè gbọ́. Ẹni kejì á tẹ̀lé òórùn náà, òun náà á fi tirẹ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni òórùn ń le. Bí oúnjẹ bá tán, kò sẹ́ni tó máa tún fi òórùn kún ọ̀nà náà, á sì pòórá.

Ẹ dán an wò lónìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tò, kí ẹ fi ìka nu ìlà náà níbì kan ṣoṣo, bí ìbú ìka méjì. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè á dúró gbọnyin, wọ́n á máa fi ìwo wá ilẹ̀, àwọn tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ náà á yí padà, bí ìgbà tí afárá já. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí ẹyọ kan tó gbójú gbóyà kọjá. Lẹ́yìn tirẹ̀, ìlà á tún so pọ̀.

Omi lásán kì í nu òórùn yìí kúrò dáadáa. Omi ọṣẹ àti kànrìnkàn ló ń ṣe é. Ẹni tó bá pa gbogbo èèrà orí ògiri tí kò fi ọṣẹ nu ọ̀nà wọn ti fi títì sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i tí a bá fín oògùn?

Ọ̀pọ̀ oògùn inú agolo ló ń pa èèrà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá kàn kú síbẹ̀; kò gbé ikú délé. Òórùn oògùn á sì dúró lára ògiri, àwọn yòókù á sá fún un. Tó bá jẹ́ irú èèrà tó ní ìyá kan ṣoṣo ni, wọ́n á kàn wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Èèrà Fáráò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó wà nínú ihò kan ṣoṣo lè pọ̀ gan-an. Tí ewu bá dé, ìyá méjì tàbí mẹ́ta á bá ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan lọ, wọ́n á gbé ẹyin àti ìdin dání, wọ́n á sì lọ tẹ ilé tuntun dó. Wọn kì í béèrè ibi tó tóbi: inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, abẹ́ táìlì tó ti gbéra, láàárín aṣọ tí a ká sínú àpótí, inú rédíò àtijọ́. Ihò kan ti di mẹ́ta. Èèrà tí ìdí rẹ̀ funfun náà ní irú ìwà yìí. Bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá lé àwọn ọlọ́jà kúrò létí títì ni: wọn kì í lọ sílé, àdúgbò mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ń fọ́n ká sí.

Ilé tí a kọ́ ní kọjú-sími-n-kọjú-sí-ọ ló ń jìyà ẹ̀ jù. Ẹni tó wà ní yàrá kẹta fín oògùn, èèrà kó lọ sí yàrá kẹrin. Ti yàrá kẹrin fín tiẹ̀, wọ́n kó lọ sí yàrá kejì. Èèrà kì í san owó ilé, kò mọ ààlà yàrá. Bí ẹ bá wà nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ bá onílé àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé sọ̀rọ̀ kí gbogbo yín gbé ìjẹ, ìyẹn oúnjẹ tí a po oògùn mọ́, sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn gan-an lohun tó parí ti ọgbà wa, lẹ́yìn tí ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gbà láti gbé agolo sílẹ̀.

Kí ni ìjẹ, báwo la sì ṣe ń pò ó?

Ìjẹ ni oúnjẹ tí oògùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí èèrà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, kó sì falẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Oògùn tó bá yá kò wúlò níbí.

Èyí tí mo ń lò ni boric acid, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń tà ní àwọn kẹ́míìsì ńlá àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, bí irú ti Ọjọ́ta ní Èkó. Ẹ wá kọ́ọ̀bù omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan, bíi mílílítà 250. Ẹ da ṣúgà ṣíbí ńlá 5 sí i, kí ẹ rò ó títí á fi yọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré boric acid sí i, ìdajì ṣíbí tí orí rẹ̀ tẹ́jú, kò gbọdọ̀ ga bí òkìtì. Ẹ tún rò ó. Oògùn inú rẹ̀ kò ní í ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ní ìdajì ṣíbí kéré, wọ́n á da ṣíbí mẹ́ta sí i kó lè "ṣiṣẹ́ dáadáa." Tó bá ti le jù, èèrà á kọ̀ ọ́, tàbí kó kú lójú ọ̀nà kó tó délé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ fi omi náà rin òwú, kí ẹ gbé òwú sórí ìdérí ìgò, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tò gbà, má ṣe gbé e dí wọn lọ́nà. Tó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ajá wà nílé, ẹ wá ike bọ́tà tó ti tán, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé òwú sínú, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fi téèpù dì í pa. Èèrà á wọlé, ọwọ́ ọmọ kò ní í wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí ló nira jù. Ní wákàtí àkọ́kọ́, wọ́n á pọ̀ débi pé ọkàn yín á máa sọ fún yín pé ẹ ti fọwọ́ ara yín pè wọ́n wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n yí òwú ká bí ẹni pé wọ́n fi okùn pupa hun etí rẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò, kò sẹ́ni tó mira. Ìdí àwọn tó ti yó wú, ó sì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tí iná tàn sí. Wọ́n ń padà sílé pẹ̀lú ìdí wíwú yẹn, wúyẹ́wúyẹ́, wọn kò sáré bíi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi láti nù wọ́n. Mo padà lọ sùn.

Ẹ má fín oògùn sítòsí, ẹ má sì fi ọṣẹ nu ọ̀nà wọn ní àsìkò yìí. Títì tí ẹ fẹ́ kí ikú gbà ni. Ẹ máa pààrọ̀ òwú ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra wọn, torí omi ṣúgà ń gbẹ, ó sì ń kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ìlà á ti fúyẹ́. Ẹ má tí ì kó o kúrò. Láti ìgbà tí èèrà Fáráò bá ti wà nínú ẹyin títí á fi di òṣìṣẹ́, ó ń lé díẹ̀ lóṣù kan. Ẹyin tó wà nínú ihò lónìí ṣì ń bọ̀ wá pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀.

Bí wọn kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ó ní ìgbà tí ilé wọn ń fẹ́ ohun dídùn, ó ní ìgbà tó jẹ́ ọ̀rá ni wọ́n ń wá fún àwọn ọmọ. Ẹ kán omi ṣúgà sórí bébà, kí ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ bín-ín-tín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo èyí tí wọ́n pé lé lórí lẹ́yìn wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà ni wọ́n yàn, ẹ po boric acid tó lè dúró ní ṣonṣo ọ̀bẹ mọ́ ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí ńlá 2. Jẹ́ẹ̀lì apèèrà tí wọ́n ń tà nínú abẹ́rẹ́ ike náà dára, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ kàn rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀.

Boric acid kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn o. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ó lè pa á lára gidigidi. Ṣíbí tí ẹ fi wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ padà sínú àwo oúnjẹ, aboyún kò gbọdọ̀ pò ó, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa rọ ìyókù sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ó funfun bí iyọ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ bí omi mímu. Ẹ kọ "MÁJẸ" gàdàgbà sára ike, kí ẹ gbé e sókè pátápátá.

Báwo la ṣe ń dínà mọ́ wọn?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí èèrà bá ti tán, ẹ wá gbogbo ibi tí ògiri ti lanu: ẹsẹ̀ fèrèsé, ibi tí páìpù sínkì ti wọlé, ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sìmẹ́ńtì funfun tó, sìlíkọ́ọ̀nù ló dára jù lẹ́bàá omi. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn ìjẹ ni mo fi dídí sí. Bí ẹ bá dí ògiri nígbà tí ìyá wọn ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n á gba inú yàrá yín yọ.

Omi náà ń pè wọ́n. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, páìpù tó ń jò lábẹ́ sínkì tó láti mú wọn wá, bí kò tilẹ̀ sí ṣúgà nílé. Nígbà òjò sì rèé, ilẹ̀ tó kún fún omi ló ń lé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ìdí tí ariwo wọn fi ń pọ̀ lásìkò yìí nìyẹn.

Ìyá mi ní kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo mílíìkì tó ti tán, omi sì wà nínú agolo. Títí dòní, n kò tí ì rí ohun tó dára jù ú lọ fún ilé tí kò ní fíríìjì tàbí tí kò ní iná. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi náà, torí èèrà fúyẹ́, ó lè rìn lójú omi lásán. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kó rì. Ẹ máa da omi ọ̀hún nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù fara kan ògiri, tàbí kí aṣọ tí a tẹ́ lé e wọ́ dé ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ti tó wọn láti gun òkè.

Ní ìta, ẹ wo ẹ̀ka igi tó bá sinmi lórí páànù, afárá ni. Ẹ wo abẹ́ ewé ọsàn, ata àti òdòdó inú ọgbà pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí àwọn kòkòrò kéékèèké tí wọ́n funfun bí òwú tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi ewé bí èépá, àwọn ni màlúù èèrà. Wọ́n ń fa omi ewé mu, ohun tó ń jáde ní ìdí wọn sì dùn bí oyin, òun ni èèrà ń lá. Èèrà máa ń ṣọ́ wọn, ó ń lé ohun tó bá fẹ́ jẹ wọ́n. Bí ẹ bá fi omi ọṣẹ fọ àwọn kòkòrò yìí kúrò, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ilé èèrà kan.

Ṣùgbọ́n àwọn èèrà pupa tó ń rán ewé mángòrò pọ̀ ṣe ilé lókè igi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí igi náà bá jìnnà sílé. Wọ́n ń buni jẹ lóòótọ́, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Benin fi hàn pé wọ́n ń lé eṣinṣin tó ń sọ mángòrò di ìdin. Ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ẹ tó gun igi.

Ìjàlọ ńkọ́?

Ìjàlọ kò ní ilé kan tó ń gbé pẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran, òórùn ló ń tẹ̀ lé. Ó ń kọjá ni, ó sì ń jẹ ohunkóhun tí kò bá lè sá: aáyán, ọmọ eku, adìyẹ tó wà nínú àgò. Ìjẹ kò wúlò fún un. Bí ó bá wọlé lóru, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn jáde, kí ẹ tú ewúrẹ́, kí ẹ ṣí àgò adìyẹ. Ẹ má lu ìlà wọn, ṣe ni wọ́n á tú ká gbogbo ilé. Eérú gbígbóná tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè yà wọ́n sí ibòmíràn bí wọn kò bá tí ì wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á ti lọ, ẹ ò sì ní í rí aáyán kan mọ́.

Kí ni kò yẹ kí a fi pa wọ́n?

Ọ̀tapíápíá ni mo ń bẹ̀rù jù. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, oògùn oko tó ń bá iṣan ara jà, ti kòkòrò àti ti ènìyàn. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò kékeré mílílítà 100 ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ẹ̀ ń rí i kí wọ́n dà á sí igun yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ẹni tó bá fa á símú tí orí ń fọ́, tó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò rí èémí mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà rí i.

Ṣọ́ọ̀kì apèèrà tí wọ́n ń tà lójú pópó, májèlé ló wà nínú rẹ̀, ó sì jọ ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ fi ń kọ̀wé. Kò yẹ kó wọ ilé tí ọmọ wà. Bẹntiróòlù tí wọ́n ń rọ sí ihò lágbàálá lè jó ilé. Omi híhó ń pa àwọn tó wà lókè, ó ń pa koríko, ìyá wọn sì jìnnà sí i nísàlẹ̀.

Bí èèrà bá ń pé jọ síbi tí ẹnì kan tọ̀ sí

Èyí kò kan pípa wọn, ṣùgbọ́n n kò lè kọ̀wé nípa èèrà kí n fò ó. Ìtọ̀ ènìyàn tí ara rẹ̀ yá kì í ní ṣúgà nínú tó lè pe èèrà. Bí ẹ bá ń rí i pé wọ́n ń pé lé ibi tí bàbá tàbí ìyá yín tọ̀ sí, tàbí pé wọ́n ń gun pó ọmọ, tí ẹni náà sì ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tó ń rù, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà ti ṣàkíyèsí èèrà nídìí irú ìtọ̀ yìí fún àìmọye ọdún. Kì í ṣe gbogbo àtọ̀gbẹ ló ń fi ara hàn báyìí, èèrà sì lè wà níbẹ̀ fún ìdí mìíràn, torí náà ẹ má fi èèrà ṣe dókítà. Ẹ mú ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kó má jẹun àárọ̀ kó tó lọ, kí wọ́n gún un ní ìka. Ẹ̀jẹ̀ kán ṣoṣo ni wọ́n nílò, ẹ ó sì mọ èsì rẹ̀ níbẹ̀.